Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lábẹ́ Fọ́tò Mojísọ́lá

Iléṣà,
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Àjàní ọmọ mi, ọkọ mi,

Ara mi le. Mo tètè kọ ìyẹn kí o má baà rò pé àìsàn ni kò jẹ́ kí n gbé ìpè rẹ láti ọ̀sẹ̀ méjì yìí wá. Mo rí gbogbo ìpè náà. Mo ka gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. Bí fóònù bá ti ń dún, n ó gbé e, n ó wo orúkọ rẹ lójú rẹ̀, n ó sì dà á dojú bolẹ̀ sórí tábìlì.  Ohun tí mo rí lára ògiri ilé ìkàwé yẹn bá mi lójijì, bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí lójú oorun. 

Mo yàn láti kọ ìwé nítorí pé bí mo bá pè ọ́, ẹkún ni o máa gbọ́, o kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Àti pé oṣù tó ń bọ̀ ni o máa kó kúrò ní Igbona l'Óṣogbo lọ sí Ìbàdàn láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ayafọ́tò ní ilé ìwé ìròyìn. Kò sí ìyá tí kì í ní ìmọ̀ràn fún ọmọ tó ń lọ síbi iṣẹ́ tuntun. Mo ti to tèmi sílẹ̀ kí n tó wá sí Òṣogbo lọ́jọ́ Sátidé yẹn: má máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́, máa jẹun láàárọ̀, má fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ìmọ̀ràn tíṣà. Mo ti kó gbogbo ìyẹn tì. Èyí tí mo fẹ́ kọ báyìí, inú ara mi ni mo ti yọ ọ́, ó sì dùn mí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọjọ́ náà ṣe rí lójú tèmi, nítorí ìwọ kàn rí ìyá rẹ tó ń pariwo láàárín èrò ni.

Inú mi ń dùn bí a ṣe ń bọ̀ láti Iléṣà. Mo mú Màmá Fẹ́mi dání, ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ, nítorí mo fẹ́ kí ẹnì kan bá mi rí iṣẹ́ ọmọ mi. Nígbà tí a sọ̀ ní Old Garage, a wọ ọkọ̀ kórópe dé ilé ìkàwé náà, mo sì ń sọ fún dẹrẹ́bà pé ọmọ mi wà lára àwọn ayafọ́tò mẹ́fà tí wọ́n pàtẹ iṣẹ́ wọn síbẹ̀. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ kú oríire, Màmá." Mo gba oríire náà tọwọ́tẹsẹ̀.

A wọ inú gbọ̀ngàn náà. A wo ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ná. Ẹnì kan ya àwọn ilé àtijọ́ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, òmíràn ya àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń sùn lórí bẹ́ǹṣì ní gáréèjì, Màmá Fẹ́mi sì rẹ́rìn-ín sí ọ̀kan tó la ẹnu sílẹ̀. Lẹ́yìn náà la dé ọ̀dọ̀ tìrẹ. Mo rí ọwọ́ obìnrin tó ń bó obì. Mo rí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tẹ́ nínú. Mo rí ẹsẹ̀ tí ẹrẹ̀ oko gbẹ mọ́. Mo ń mi orí bí ẹni tó mọ̀ nípa fọ́tò.

Mo wá gbójú sókè, mo sì rí àǹtí rẹ Mojísọ́lá, àbúrò mi. Ojú rẹ̀ tóbi tó ìlẹ̀kùn. Apá òsì ojú náà, èyí tí iná ti jó láti kékeré, ni o dojú rẹ̀ kọ ìmọ́lẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta ọdún tí mo ti mọ àpá yẹn, Àjàní, n kò sì wò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Awò ojú mi wà nínú báàgì. Ti Màmá Fẹ́mi wà lójú rẹ̀. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ka ìwé kékeré tí o lẹ̀ sábẹ́ fọ́tò náà:

"'Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí iná jó mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló da kẹrosíìnì sínú àtùpà láìpa iná rẹ̀. Wọ́n ní èmi ni mo dà á. Èmi náà gbà pé èmi ni. Kò sí ẹni tó bi mí rí. Mojísọ́lá, olóbì.'"

Orúkọ náà ló dá a dúró. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún gbé e sójú, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà kà láìjẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Ìyá Délé," ó ní, "ṣebí ẹ̀yin méjì péré ni Yèyé yín bí?"

Mo yíjú kúrò lójú rẹ̀.  Ìgbà náà ni mo tó rí Mojí fúnra rẹ̀ lórí àga kan nítòsí fọ́tò náà, ó wọ àǹkárá tuntun, ó wé gèlè, ó sì ń dìde bọ̀ wá bá mi. Ariwo ni mo gbọ́, kí n tó mọ̀ pé ẹnu mi ló ti ń jáde.

"Délé! Yọ ọ́! Yọ nǹkan yìí kúrò níbẹ̀!"

O sáré wá láti òpin gbọ̀ngàn náà. "Màámi, kí ló dé? Àǹtí ní àwọn máa sọ fún yín!"

"Yọ ọ́, mo ní!"

O yọ ọ́.  O dojú rẹ̀ kọ ògiri. Mojí nìkan ló sọ̀rọ̀. Kò pariwo.

"Ojú ta ni ẹ ń yọ yẹn?" ó ní. "Mo bi yín ni o. Ojú ta ni?"

Mo yí ẹ̀yìn padà, mo sì jáde. Màmá Fẹ́mi tẹ̀ lé mi. Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà sí Iléṣà, kò bi mí ní ohunkóhun. Ó kàn já ẹnu omi inú ọ̀rá kan, ó sì fi sí mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi tó máa ń jókòó sí. Ọlọ́run á jẹ́ kí o rí irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn.

Àjàní, òótọ́ ni. Gbogbo ohun tó wà lábẹ́ fọ́tò yẹn, òótọ́ ni. Bàbá rẹ, tí a jọ ń gbé láti ọjọ́ yìí wá, kò mọ̀ ọ́n. Àlùfáà wa kò mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni mo ń kọ ọ́ sí báyìí lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, kí o lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣe é.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Bàbá wa ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, Yèyé wa sì ń ṣe oko obì. Mo ti yege nínú ìdánwò ìwọlé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà, èmi sì ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ nínú ẹbí wa tí yóò dé irú ibẹ̀. Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ń ka ìwé kan tí mo yá, tí mo gbọ́dọ̀ dá padà lọ́jọ́ kejì, ni àtùpà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ. Kò sí bí Bàbá kò ṣe kìlọ̀ fún wa tó: ẹ pa iná kí ẹ tó da epo sí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa á, mo ní láti wá ìṣáná, mo ní láti dúró kí gbogbo rẹ̀ tutù. N kò ní sùúrù yẹn. Mo pe Mojí kó wá fi àkísà bá mi di gíláàsì àtùpà náà mú. Iná ṣì wà lórí òwú nígbà tí mo da epo sí i.

Kò pẹ́ tó kí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀kan. Iná bú jáde. Kò kàn mí rárá. Mojí tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè ríran dáadáa ló kàn, lójú, lọ́rùn, léjìká, lọ́wọ́ kan. Yèyé gbé aṣọ tútù sáré wọlé, wọ́n fi bò ó. Bàbá dé tẹ̀ lé wọn. "Ta ló da epo sí àtùpà yìí?" Mojí ń ké, kò lè sọ̀rọ̀. Èmi ni mo lè sọ̀rọ̀. Mo sì sọ ọ́.

"Mojí ni."

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo sọ fún ara mi pé n ó tún un sọ lọ́la. Lọ́la dé, wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, Bàbá ń bú ramúramù bí kìnnìún, mo ní ó di ọ̀la. Nígbà tí Mojí padà wálé, mo ń retí kó la ẹnu kó sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo di tíṣà. Fetí sílẹ̀ dáadáa sí èyí tó tẹ̀ lé e, nítorí ibẹ̀ ni ojú ti máa ń tì mí jù: ní kíláàsì mi, bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ìṣọ́ra, n ó ní, "Àbúrò mi kan wà tó fi àtùpà ṣeré, ẹ wo ohun tí iná sọ ọ́ dà." Mo fi í ṣe àpẹẹrẹ, ọdún lé ọdún. Ìgbà tó yá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba irọ́ náà gbọ́ fúnra mi.

Èyí ni ìmọ̀ràn kìn-ín-ní. Bí o bá ṣe àṣìṣe, sọ ọ́ lọ́jọ́ tí o ṣe é. O máa ṣe àṣìṣe ní ibi iṣẹ́ tuntun yẹn. Kámẹ́rà wọn máa já bọ́ lọ́wọ́ rẹ, o máa kọ orúkọ ẹnì kan sábẹ́ fọ́tò ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ náà gan-an, kí ilẹ̀ tó ṣú, lọ bá ọ̀gá rẹ. Á bú ọ, ọ̀rọ̀ á sì tán. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ju ogún ọdún méjì lọ, àárín èrò ló sì ti lé mi bá, ohùn ọ̀rẹ́ mi ló fi pè mí.

Èkejì. Àṣìṣe kan kì í dá wá, ó máa ń bí ọmọ. Ìwọ náà mọ fọ́tò ìgbéyàwó wa tó wà ní pálọ̀. Nígbà tí o wà ní kékeré, o na ìka sí i, o bi mí pé, "Àǹtí Mojí ńkọ́?" Mo ní wọn kò tètè dé. Wọ́n tètè dé, Àjàní. Mojí ló kọ́kọ́ dé, òun ló wẹ ẹsẹ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ayafọ́tò ń to ẹbí jọ, mo sọ sí i létí pé kó lọ wo ìrẹsì níná kó má baà jó. Kò sí ìrẹsì kankan lórí iná mọ́ nígbà náà. Ó wò mí, ó ní, "Ó dáa, Àǹtí," ó sì lọ. N kò lè gba kí àpá yẹn máa wò mí láti ara ògiri ilé mi. Nítorí náà, bí o bá ń to ènìyàn jọ láti yà wọ́n, tí o rí ẹni tí wọ́n ń fi ọgbọ́n tì sẹ́yìn, rọra pè é síwájú. O kò mọ ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́.

Èyí tó kàn yìí, ìwọ ni mo fi ń bá wí. Mojí sọ fún ọ pé òun fúnra òun máa sọ fún mi kí n tó wá. O gbà á gbọ́, o sì lọ gbé fọ́tò kọ́. Ìwọ ọmọ yìí, iṣẹ́ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀, ṣé a máa ń fi rán ẹlòmíràn? Láti Òṣogbo sí Iléṣà, wákàtí kan kò pé. Kí o wọ ọkọ̀, kí o wá jókòó tì mí ní pálọ̀, kí o ní, "Màámi, Àǹtí sọ báyìí báyìí fún mi." Ǹ bá pariwo, ǹ bá lé ọ jáde, ṣùgbọ́n inú ilé ni ìbá ti ṣẹlẹ̀. Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó ni ojú, o bi í léèrè, o ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni méjì ló ni ìtàn yẹn. N kò sọ pé kí o gba àṣẹ lọ́wọ́ mi o. Ìyẹn ì bá jẹ́ kí n tún fi ọwọ́ bo Mojí lẹ́nu. Mo ní kí o sọ fún mi ni. Ní ibi iṣẹ́ rẹ tuntun, bí o bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ẹnì kan jáde tó kan ẹlòmíràn, lọ bá ẹlòmíràn náà, kó má jẹ́ pé ojú pópó ni yóò ti gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sí abúlé lọ bá Mojí. Mo bá a lábẹ́ òrùlé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ń ṣa obì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó kí mi bí ó ti máa ń kí mi, ó gbé àga fún mi. N kò jókòó. Mo kúnlẹ̀.

Ó fò dìde, obì dànù. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

"Mojí, èmi ni mo da epo sí àtùpà."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀. Ẹ dìde."

Ó fa apá mi títí mo fi dìde, ó sì gbé mi jókòó bí ẹni tó ń gbé arúgbó. Ó ń ṣa obì tó dànù, kò wò mí. Ló bá ní, "Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń pa á mọ́. Yèyé mọ̀."

"Yèyé mọ kí ni?"

"Mo sọ fún wọn ní ilé ìwòsàn. Ọjọ́ kẹrin ni. Mo ní, 'Yèyé, Àǹtí ló dà á, kì í ṣe èmi.' Wọ́n ní àwọn ti mọ̀. Wọ́n ní ọwọ́ yín ló ń rùn kẹrosíìnì lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí lọ́wọ́ tèmi."

Àjàní, mo rò pé mo ti ta gìrì tó ní ilé ìkàwé yẹn. Àṣé èyí ṣì ń bẹ níwájú.  Yèyé, tí wọ́n lo ọdún mẹ́fà tó gbẹ̀yìn ayé wọn nínú ilé mi! Èmi ni mo ń wẹ̀ wọ́n. Èmi ni mo ń bọ́ wọn. Wọn kò fi ẹnu kàn án fún mi, títí wọ́n fi kú.

"Kí ni wọ́n wá sọ fún ọ?" Mo bi í léèrè.

"Wọ́n ní Bàbá ti búra pé ẹni tó bá fa iná náà, òun kò ní rán an nílé ìwé mọ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, èyí tí kò jóná. Wọ́n ní, 'Mojísọ́lá, bí o bá sọ ọ́, ọmọ méjì ló máa jóná fún mi.' Mo ní mo ti gbọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mo ní mo ti gbọ́."

 Mo bi í bóyá ó kórìíra mi. Mo rò pé á ní rárá, bí ènìyàn ṣe máa ń sọ fún àgbà.

"Nígbà mìíràn," ó ní. "Ọjọ́ ìgbéyàwó yín, mo kórìíra yín. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin kan tí ẹ kọ́ níwèé rí mi lọ́jà, tó ní, 'Ṣé ẹ̀yin ni àbúrò tíṣà wa tó fi àtùpà ṣeré?', mo kórìíra yín. Àwọn ọjọ́ yòókù, iṣẹ́ pọ̀ lóko."

Mo ní, "Kí ló wá dé tí o fi sọ ọ́ fún Délé?"

"Délé ló bi mí. Gbogbo ènìyàn ló máa ń wo ibòmíràn bí wọ́n bá ń bá mi sọ̀rọ̀. Òun wo ojú mi, ó ní, 'Àǹtí, kí ló ṣe yín níbí?' Mo fẹ́ sọ èyí tí mo máa ń sọ. Mo wá rò ó pé Bàbá ti kú, Yèyé ti kú. Ẹ ti kàwé tán, ẹ ti ṣe tíṣà tán, ẹ ti fẹ̀yìntì. Ilé ìwé ta ni mo tún ń ṣọ́?"

"O ò ṣe wá sọ fún mi, Mojí?"

"Mo wá lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, mo padà lẹ́nu ọ̀nà yín. Ìgbà kejì, ẹ ti gún iyán. A jẹun, ẹ ní mo ti rù, ẹ di ẹran fún mi, mo lọ sílé."

Mo rántí ọjọ́ iyán yẹn. Mo rántí pé ó pẹ́ kó tó dìde. Mo rò pé iyán ló dùn mọ́ ọn.

N kò mọ iye tí mo ti kà dé nínú ìmọ̀ràn mi mọ́, ṣùgbọ́n èyí wà níbẹ̀: ìbéèrè rẹ ló ṣe é. Má sọ ọ́ nù. Àwọn tí wọ́n ga jù ọ́ lọ níbi iṣẹ́ lè ní kí o kàn yà, kí o máa lọ. Jókòó ná. Béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o sì fara balẹ̀ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n má sọ ara rẹ di ẹni tó ń wá àpá kiri. Mojí fúnra rẹ̀ ní kí n bá òun bi ọ́: nínú gbogbo fọ́tò tí o yà lọ́jọ́ yẹn, èyí tí òun ti ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ búlúù ńkọ́? Ó ní òun jókòó nínú oòrùn fún èyí pẹ̀lú. Bá a tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tí a yà ló yẹ kó kọ́kọ́ ní fọ́tò lọ́wọ́, kí àlejò tó rí i.

Àti èyí: nígbà tí mo ní kí o yọ fọ́tò yẹn, o yọ ọ́. Inú mi dùn sí ọmọ tó gbọ́ràn, mo sì ti ń sunkún lórí rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹni tó ni ojú dúró níbẹ̀, ìwọ kò bi í. Ariwo mi ló dá ọ lẹ́rù. Ẹni tí yóò máa pariwo lé ọ lórí pọ̀ níwájú, olówó, olóyè, ọ̀gá, wọ́n á ní kí o yọ ọ́. Bí ohun tí o gbé kọ́ bá jẹ́ òótọ́, tí ẹni tó ni í sì fẹ́ kó wà níbẹ̀, má yọ ọ́. Ìbáà jẹ́ ìyá rẹ ló ń pariwo.

Mo sọ fún bàbá rẹ lálẹ́ ọjọ́ tí mo ti abúlé dé. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n pa rédíò, wọ́n sì yíjú sí mi.

"Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọ," wọ́n ní, "o kò da epo sínú ohunkóhun rí. Àtùpà, sítóòfù, jẹnẹrétọ̀, èmi lo máa ń pè. Mo rò pé nítorí o rí i nígbà tí iná jó àbúrò rẹ ni."

Mo ní, "Nítorí rẹ̀ náà ni."

Wọ́n mi orí. Wọn kò sọ pé kò burú, torí wọ́n mọ̀ pé ó burú. Wọ́n ní, "Ṣé o ti sọ fún Mojí?" Mo ní mo ti sọ. Wọ́n ní, "Ó kù kí o sọ ọ́ níbi tí o ti pariwo." Ìwọ rí irú ọkọ tí Ọlọ́run fún mi. Bí o bá fẹ́ mú ìyàwó, mú ẹni tí yóò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ, kó sì tún gbé oúnjẹ rẹ wá lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, Sátidé yìí tí ìpàtẹ yín máa parí, mò ń bọ̀. Mojí àti èmi la jọ ń bọ̀, bàbá rẹ ló máa wa ọkọ̀. Màmá Fẹ́mi ní òun náà ń bọ̀, mo ní kó máa bọ̀. Mo bẹ̀ ọ́, gbé fọ́tò náà padà sí àyè rẹ̀ kí a tó dé. Tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ fún mi, mo da ọjọ́ wọn rú. Èmi náà á tọrọ rẹ̀ tí mo bá rí wọn.

Ohun kan ló kù. Mojí ní kò pọn dandan, mo ní ó pọn dandan, a sì ti jà sí i, mo borí. Níbi tí o ti kọ "ẹ̀gbọ́n mi" sábẹ́ fọ́tò yẹn, kọ orúkọ mi tẹ̀ lé e. Fi àmì sí i dáadáa, tíṣà ni mí. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

Comfort Olúfúnkẹ́,
ìyá rẹ.